Bíréèkì Ọwọ́ Òsì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró níwájú yàrá mi ní Abúlé Adó, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ṣì ṣe é kọ́, mo gbọ́ yín. N kì í ṣe ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n kọ nǹkan sílẹ̀ ju kí n sọ ọ́ lọ, nítorí náà mo kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìwúrí, kó tètè yà lọ́dọ̀ mi. N kò ní in.

Ọmọ abúlé kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni mí. Ilé-ìwé pẹ́ kó tó kàn mí. Irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n mi kí n tó jókòó ní kíláàsì kìn-ín-ní, àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀ sì ń kí mi ní "ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n ṣe bí tíṣà tuntun ni mí. Mo fara dà á títí mo fi lè kọ lẹ́tà, tí mo sì lè ka ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì, atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ní Ìtòkú. Bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn, àwọn méjèèjì ló yé. Èmi ń wo àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so kọ́ sí òrùlé ṣọ́ọ̀bù bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà.

Ọ̀gá Làmídì ga, wọ́n sì tín-ín-rín. Wọn kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Odidi ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan sípánà. Ṣéènì ni wọ́n ní kí n máa fọ̀. N ó rì í sínú kẹrosíìnì, n ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, n ó fi àkísà nù ún gbẹ, n ó kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sí ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà n ó tún nu gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò kán òróró sí i rí. Ọ̀gá á wá fi aṣọ funfun fà á láàárín ìka méjì. Bí aṣọ bá dúdú, mo tún un ṣe.

"Òróró tó wà níta ṣéènì, ti yanrìn ni," wọ́n máa ń sọ. "Èyí tó wọnú ìdè rẹ̀ ni ti kẹ̀kẹ́."

Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìtọ́jú kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú sórí ṣéènì bí ẹni da ọbẹ̀ sórí ìrẹsì, yanrìn ni ẹ ń ṣe lálejò. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò sì jẹ eyín kẹ̀kẹ́ náà tán.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni wọ́n jẹ́ fún mi. Wọ́n sọ mí ní Tíṣà. Bí aṣọ bá dúdú, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà. Ṣé wọn ò dé orí ṣéènì nínú ìwé tí ẹ kà ni?" Bí a bá to sípóòkù tán, Ọ̀gá á dojú kẹ̀kẹ́ bolẹ̀, wọ́n á yí táyà, wọ́n á sì di ojú. Etí ni wọ́n fi ń wò ó. Bí wọ́n bá gbọ́ ohun tí kò yẹ, túúbù gbígbó tí wọ́n gé gígùn ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ṣì mọ bó ṣe máa ń dún kó tó balẹ̀ lẹ́yìn ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ bíréèkì ló le jù. Olókè ni Abẹ́òkúta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú sì wà níwájú wa. Ọ̀gá á di abọ́ omi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní kí o máa sọ̀ kalẹ̀. Bí omi bá dà, ìwọ ni yóò pọnmi sílé ìyàwó ọ̀gá títí wọn yóò fi gbàgbé ọ̀ràn rẹ, wọn kì í sì í tètè gbàgbé. Kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí a ní nígbà náà. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú dúró, ọwọ́ òsì ló ń mú ti ẹ̀yìn. Òsì ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fún iwájú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ yóò gbé e sọ bí màlúù tínú ń bí.

"Ẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kí iwájú tó gbọ́," Ọ̀gá á wí. Wọ́n á wá mú ọwọ́ òsì mi, wọ́n á fi ìka wọn dì í. "Báyìí. Bí ẹni di ọwọ́ ọmọ kékeré mú létí títì. Má fún un débi tí yóò sunkún. Má tú u débi tí yóò bọ́."

Bí mo bá gbàgbé, túúbù á bá ọwọ́ òsì náà sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, n kò rò ó mọ́. Ọwọ́ òsì ti ń ṣiṣẹ́ kí orí tó mọ̀ pé ewu wà.

Àṣà kan tún wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí mo fi ṣe tèmi. Kẹ̀kẹ́ kankan kì í kúrò láìjẹ́ pé a gùn ún wò, ẹni tó dàgbà jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló sì gbọ́dọ̀ gùn ún. Ọ̀gá ní ọmọ iṣẹ́ lè bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ẹgba, ṣùgbọ́n àgbà kò ní ẹni tí yóò nà án. Wọ́n tún ní ọ̀ràn tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe bá dá, eyín tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi san án.

Mo gba ìyọ̀ǹda, mo wá sí Èkó. Mo ṣiṣẹ́ káàkiri kí n tó dé Fẹ́sítáàkì, nígbà tí ọgbà náà ṣì ń dán, tí àwọn ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi sí abẹ́ igi fúrúùtù kan ní etí ọ̀nà tó lọ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Iṣẹ́ wà. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ní kẹ̀kẹ́ kékeré onítáyà rọ́gọ́dọ́ tí wọ́n fi ń fo gọ́tà, gọ́tà a sì máa dá wọn padà sọ́dọ̀ mi. Àwọn tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí Alákijà, àwọn tó ń pín ìwé ìròyìn, gbogbo wọn ló ń wá. Àṣàkẹ́, ìyàwó mi, pàtẹ búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Agolo mílíìkì tó ń kó nọ́ọ̀tì irin kéékèèké mi sí ń bẹ lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ láìsọ̀rọ̀, èyí tí mo fẹ́ gan-an ló máa ń bọ́ sí i.

Àwọn ọdún yẹn kò pẹ́. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ mọ́. Àwọn tó ń gbé búrẹ́dì ra ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ tó sì ń wọlé, àlòkù láti Amẹ́ríkà ni, inú kọ̀ǹtínà ló ti ń bọ̀ láti Àpápá. Mo gbé sípánà tí mo ti ń lò láti Abẹ́òkúta sí nọ́ọ̀tì wọn, kò wọ̀ ọ́. Orí nọ́ọ̀tì wọn rì sínú, ihò onígun mẹ́fà ló ní. Mo fi fáìlì pọ́n irin láti bá a mu. Ìka mi ti le, ojú mi ti ń ṣú. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó jẹun yó nítorí pé àkísà rẹ̀ pọ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni Àṣàkẹ́ kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó pàtẹ ní òwúrọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo ń na ọwọ́ nínú yàrá mi, kò sí ohun tó ń bọ́ sí i. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Bọ́sẹ̀, wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Òṣogbo. Òun ló ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta láìsọ fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbúròó ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Làmídì ni. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ṣì nà gbọọrọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn kò kí mi kú ọ̀fọ̀. Wọ́n wo ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ rẹ mọ́, Ayìndé," wọ́n wí. "Ọwọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kì í mọ́ tó báyìí."

Ọjọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bá mi gbé, wọ́n ń jókòó tì mí lójoojúmọ́ lórí àpótí Àṣàkẹ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Wọ́n kàn ń fi aṣọ funfun fa ṣéènì tí mo bá fọ̀, wọ́n sì ń nà án sí mi padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo rò pé bóyá ó ṣì kù díẹ̀ fún mi nínú ayé.

Nígbà náà ni Délé gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Ọmọ yunifásítì ni, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ láti Amẹ́ríkà. N kò rí irú rẹ̀ rí. Táyà rẹ̀ tóbi, ó lápá bí ti katakata, jíà rẹ̀ pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n ní orí òkè ni wọ́n ń gùn ún lọ́hùn-ún. Ọ̀gá Làmídì yí i ká.

"Kí lẹ fi ń bọ́ ọ tí táyà rẹ̀ fi sanra tó báyìí?" wọ́n bi Délé.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé orí sókè. N kò gbọ́ ẹ̀rín wọn níbi iṣẹ́ rí.

Délé ní jíà náà ń fò. Ojú ọ̀nà yanrìn tó wá sí Abúlé Adó ló ti ń gùn ún, ó sì máa ń ṣubú. Mo fọ ṣéènì, mo fọ eyín jíà, yanrìn tó jáde níbẹ̀ tó láti fi mọ ilé eku. Bí mo ṣe ń ṣe é, Ọ̀gá ń kọ́ ọ bí a ṣe ń la yanrìn kọjá, èmi náà sì ń fi díẹ̀ kún un. Kó dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀. Kó ti bọ́ sí jíà tó fúyẹ́ kó tó wọ inú yanrìn, nítorí ẹni tó bá dé inú rẹ̀ kó tó wá jíà, ó ti pẹ́ jù. Kó fà sẹ́yìn lórí ìjókòó, kí iwájú lè fúyẹ́. Kó má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni ń bá a jà. Bí iwájú bá ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó jẹ́ kó rìn. Kó má wo táyà, kó wo ibi tó ń lọ. Kí ẹsẹ̀ má sì dúró. Bó bá gba inú omi Amúwo kọjá, omi iyọ̀ ni. Kó fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó nù ún, kó tó kán òróró sí i.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé kẹ̀kẹ́ yìí ló bá ilẹ̀ wa mu, pé bí irú rẹ̀ bá pọ̀ sí i, iṣẹ́ wa kò ní kú. Mo ti ń ro bí n ó ṣe tún pọ́n irin mìíràn.

Nígbà tí mo parí, mo dán bíréèkì wò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọwọ́ bíréèkì Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa. Òsì ló ń mú iwájú dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn.

Ọ̀gá ti dìde, wọ́n ti ń ká ṣòkòtò sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," mo wí. "Òsì ni iwájú nínú eléyìí. Ọ̀tún ni ẹ̀yìn."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí èmi gùn ún, sà."

"Ayìndé. Ta ló dàgbà jù nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó parí."

Wọ́n fún bíréèkì òsì lórí ìdúró. Wọ́n rí i bí táyà iwájú ṣe dúró gbagidi. Wọ́n mi orí. "Òsì ni iwájú," wọ́n tún un wí, bí ọmọ iléèwé tó ń há iṣẹ́ sórí. Wọ́n gùn ún lọ.

Ilẹ̀ Fẹ́sítáàkì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè kan ṣoṣo tí a ní ni afárá kékeré tó gba orí kànáálì kọjá, a sì lè rí i láti abẹ́ igi fúrúùtù. Ọ̀gá gun orí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń fi jíà ṣeré. Délé ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n yíjú padà lókè, wọ́n wá ń sọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ewúrẹ́ kan bọ́ sójú ọ̀nà.

Mo rí ọwọ́ wọn láti ibi tí mo wà. Òsì ni.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà dìde. Wọ́n gba orí rẹ̀ lọ síwájú. Ewúrẹ́ náà kò tilẹ̀ sáré.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n fi sùn, apá ọ̀tún ti gba ibi tí apá kì í gbà. Wọn kò ké. Wọ́n wo ojú mi, ó sì jọ pé ìtìjú tó wà lójú wọn pọ̀ ju ìrora lọ.

"Etí mi gbọ́, Ayìndé," wọ́n wí. "Ọwọ́ ni kò gbọ́."

Bàbá Délé fi mọ́tò gbé wa lọ sí ọsibítù. Apá ti kán, egungun ìbàdí náà ti kán. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ wọn wá gbé wọn lọ sílé, kí ẹni tó ń to egungun lè máa tọ́jú wọn lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́bi. Ìyàwó wọn tilẹ̀ kí mi kú wàhálà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí wọ́n tún dìde, kí wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Mo tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Délé wá. Mo ní kó jẹ́ kí n yí wáyà bíréèkì rẹ̀ padà, kí ọ̀tún di iwájú bíi tiwa. Ó kọ̀.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ má bínú. Bó ṣe wà yìí ni mo ṣe kọ́ ọ. Bí ẹ bá yí i, èmi náà á ṣubú."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Mo fi bíréèkì náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Oríṣi kẹ̀kẹ́ méjèèjì wá ń wọlé pọ̀: ti Gẹ̀ẹ́sì ní òwúrọ̀, ti Amẹ́ríkà ní ọ̀sán. Èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà èmi ni àgbà. Èmi ló gbọ́dọ̀ gùn ún. N ó gun afárá dé òkè, n ó wo ọwọ́ mi méjèèjì, n kò ní mọ èyí tí n ó gbà gbọ́. N ó bọ́ sílẹ̀, n ó máa ti kẹ̀kẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò lábẹ́ igi mi á ní, "Bàbá, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn yín àbí ẹ̀yin lẹ ń gùn ún?" Wọn kò sọ ọ́ ní búburú. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí àgbà kò gùn kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àṣà tí mo fi ṣiṣẹ́ jẹun nìyẹn, n kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì ní ọjọ́ orí mi. Nígbà tó ṣe, mo kó sípánà sínú àpò, mo da nọ́ọ̀tì inú agolo Àṣàkẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. N kò ṣí i mọ́.

Ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí ṣe é kọ́. Ọwọ́ ni ẹ ó fi kọ́ ọ, ọwọ́ kì í sì í gbàgbé. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún yín nìyẹn. Ayé yóò yí bíréèkì padà sí ọwọ́ kejì, wọn yóò sì sọ fún yín, ẹ ó sì gbọ́. Ọwọ́ yín kò ní gbọ́.

Mo lọ sí Abẹ́òkúta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ti gbẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Egungun ìbàdí kò so. Gbogbo ilé ti mọ̀ pé wọn kò ní dìde mọ́, àwọn náà mọ̀. Ohùn wọn kò lọ sókè mọ́. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ṣé o ṣí ṣọ́ọ̀bù?" wọ́n bi mí.

N kò lè purọ́ fún wọn. "Mo ti tì í pa, sà."

Wọ́n di ojú. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde, kí wọ́n lè sinmi. Ni wọ́n bá na ọwọ́ òsì sí mi, wọ́n dì mí mú ní ìka. Kò dùn mí, kò sì tú. Bí wọ́n ṣe fi kọ́ mi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkú gan-an ni.

Mo dúró.